Alágbára Má Mèrò: Ẹ Ka Eyín Gíà Kí Ẹ Tó Ra Ẹ́ńjìnnì

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe tuntun sí àwa ará SS2. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, ẹnì kan nínú wa béèrè ìbéèrè kan tó di ariwo títí aago fi lù. Ó ní: bí wọ́n bá fún ọ ní Mazda MX-5 àtijọ́ kan pé kí o fi sáré ní pápá ìdíje, tí owó ọwọ́ rẹ kò sì ká ju ohun kan ṣoṣo lọ, kí lo máa kọ́kọ́ pààrọ̀ lára rẹ̀?

Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè fún ẹ́ńjìnnì. "Fi V8 sí i!" "Fi túbò sí i!" Èmi nìkan ni mo ní gíà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tiẹ̀ ní, "Ọmọ mẹkáníìkì, kí lo mọ̀ ju sípánà lọ?" Mi ò bínú. Ọmọ mẹkáníìkì ni mí lóòótọ́. Bí a bá ti jáde nílé-ìwé, ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni mo máa ń yà sí kí n tó délé. Ṣùgbọ́n ariwo ò jẹ́ kí n rí àyè sọ tẹnu mi lọ́jọ́ náà, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá sára ògiri.

Èrò mi nìyí: ẹni tó bá ra ẹ́ńjìnnì ńlá láìkọ́kọ́ wo gíà rẹ̀ àti ojú ọ̀nà tó fẹ́ fi sáré, owó ló ń dà nù. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa mọ̀. Ṣé ẹ ti rí ọlọ́kadà tó ń ṣiṣẹ́ níbi òkè? Kì í ra ẹ́ńjìnnì tuntun kí ọ̀kadà rẹ̀ tó lè gun òkè. Irin eléyín tí ṣéènì ń gbà kọjá lẹ́yìn ló máa ń pààrọ̀. Bí ti iwájú bá ní eyín 14, tí ti ẹ̀yìn ní 42, ti iwájú á yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bó bá fi eyín 45 sẹ́yìn, ti iwájú á yí ní ìgbà 3.2. Ẹ́ńjìnnì kò yí padà, ṣùgbọ́n ipá tó ń dé ọ̀dọ̀ táyà ti pọ̀ sí i, òkè á sì rọrùn fún un. Ohun tó pàdánù ni pé lórí títì tó tẹ́jú, kò ní lè sáré tó ti tẹ́lẹ̀. Gíà kì í fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Bó ṣe ń fún ọ ní ipá ló ń gba eré lọ́wọ́ rẹ.

Bákan náà ni ti mọ́tò. MX-5 àkọ́kọ́ jáde ní 1989. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.6, agbára rẹ̀ sì jẹ́ bíi họ́ọ̀sìpáwà 115. Mo mọ̀ pé kò tó nǹkan lójú ẹni tó ń wo V8, ṣùgbọ́n mọ́tò náà fúyẹ́, kò pé tọ́ọ̀nù kan. Gíà márùn-ún ló ní. Gíà kejì rẹ̀ jẹ́ 1.888, ìkẹta 1.330, ìkẹrin 1. Lẹ́yìn ìyẹn, gíà ìkẹyìn kan wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, nínú ohun tí wọ́n ń pè ní differential. Tirẹ̀ jẹ́ 4.3. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé irin gígùn tó ti inú gíábọ́ọ̀sì wá máa yí ní ìgbà 4.3 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ gbé kakulétọ̀. Táyà tí mọ́tò náà bá dé láti ilé-iṣẹ́ rẹ̀, bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó ti rin bíi mítà 1.81. Ká ní a ò fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí kọjá ìgbà 7,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ní gíà kejì, ẹ fi 1.888 ṣe ìlọ́po 4.3, kí ẹ fi èsì rẹ̀ pín 7,000. Ẹ máa rí i pé táyà yí ní ìgbà 862 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi 1.81 àti 60 ṣe ìlọ́po rẹ̀, ó di bíi kìlómítà 94 ní wákàtí kan. Ibẹ̀ ni gíà kejì parí sí. Ìkẹta parí sí 133, ìkẹrin sí 177. Ìlọ́po àti pípín lásán ni, kò sí idán níbẹ̀.

Wàyí o, ká ní kọ́nà kan wà tí táyà lè dì mú dáadáa títí mọ́tò fi jáde ní kìlómítà 97 ní wákàtí. Gíà kejì ti parí ní 94. Nínú kọ́nà gan-an ni awakọ̀ máa ti tẹ kíláàṣì, tó máa gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, tó máa kó sí gíà kẹta. Mọ́tò lè mì, àsìkò sì ti lọ. Tó bá jẹ́ gíà ìkẹyìn 4.1 ló wà níbẹ̀, gíà kejì á gbé e dé 98, kò ní sí pé à ń pààrọ̀ gíà láàárín kọ́nà. Ṣùgbọ́n bí kọ́nà ibẹ̀ bá jẹ́ èyí tí à ń jáde nínú rẹ̀ ní 85, 4.3 ló dára jù, torí pé ipá tó ń fún táyà fi bíi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti 4.1 lọ, ní gbogbo gíà pátá. Ṣé ẹ rí i? Mọ́tò kan náà, ẹ́ńjìnnì kan náà. Ojú ọ̀nà ló ń yan gíà.

Ẹ tún wo pápá méjì yìí. Laguna Seca ní Kalifóníà gùn tó bíi kìlómítà 3.6, kọ́nà 11 ló ní. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Corkscrew, ń já wálẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń bọ́ láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Monza ní Ítálì gùn tó bíi kìlómítà 5.8, kọ́nà 11 lòun náà ní. Iye kọ́nà dọ́gba, ṣùgbọ́n ti Laguna Seca fún pọ̀. Ní Monza, ọ̀nà tó gún gbọọrọ ló pọ̀ jù, awakọ̀ á tẹ iná mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó bá kó gíà tó dára fún ọ̀kan lọ sí èkejì, ó ti gbé bàtà ẹlòmíràn wọ̀.

Àwọn kan á ní, "Jàre, bí ẹ́ńjìnnì bá ti lágbára, gbogbo ìyẹn ò kàn wá." Ó kàn yín. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà fún àwọn tó fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì wọn le sí i, bíi camshaft eléré, òkè ni wọ́n ń gbé agbára sí. Ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì á kọ́kọ́ sùn, ìgbà tó bá ń yí kíákíá ló tó máa jí. Ká ní tiyín ò jí títí dé 5,500. Ẹ gbé MX-5 yẹn dé 7,000 ní gíà kejì, ẹ wá kó o sí ìkẹta. Ẹ́ńjìnnì á já wálẹ̀ sí bíi 4,900. Ó ti padà sùn nìyẹn! Owó ti lọ, agbára wà nínú ìwé, mọ́tò ń rá pálá jáde nínú kọ́nà. Àfi kí ẹ wá gíábọ́ọ̀sì tí àwọn gíà inú rẹ̀ sún mọ́ra wọn kí ẹ́ńjìnnì má baà já jìnnà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ohun tí Mazda fúnra wọn ṣe. Fún mọ́tò ti 1994, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 sínú MX-5, họ́ọ̀sìpáwà rẹ̀ sì di bíi 130. Ìyẹn fi bíi 15 péré lé ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n kàn ju ẹ́ńjìnnì sínú rẹ̀ ni? Rárá o. Wọ́n yí gíà ìkẹyìn kúrò ní 4.3 sí 4.1. Wọ́n fi differential tó tóbi, tó sì le sí i. Wọ́n fi bíréèkì tó tóbi sí i. Wọ́n fi irin kún abẹ́ mọ́tò kí ara rẹ̀ lè le. Họ́ọ̀sìpáwà 15 péré ni wọ́n fi kún un, síbẹ̀ wọ́n ṣe gbogbo ìyẹn. Kí wá ni ẹni tó fẹ́ fi 200 kún tiẹ̀ máa ṣe?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí wọra ni mo kàn báyìí. Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ bàbá mi kí n tó kọ ọ́. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n ra ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n fi sínú mọ́tò tí wọ́n máa ń fi ṣe kabúkabú nírọ̀lẹ́. Inú wa dùn. Mọ́tò náà ń fò. Gíábọ́ọ̀sì àtijọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n ní ó ṣì dára. Kò pé oṣù mẹ́ta tí eyín gíà kẹta fi ká bí eyín arúgbó. Irin yẹn dára lóòótọ́, àmọ́ ipá ẹ́ńjìnnì kékeré ni wọ́n rọ ọ́ fún.

Owó tí wọ́n fi tún un ṣe ni owó WAEC ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi jókòó ṣe ìdánwò, òun dúró di ọdún kejì. Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá wá bá bàbá mi pé òun fẹ́ ẹ́ńjìnnì tó tóbi, ìbéèrè tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀?" Wọ́n sọ fún mi pé, "Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n níṣẹ́ o. Ìwàǹwára ni kò jẹ́ kí n rò ó." Bí ìwàǹwára bá lè mú ẹni tó ti ń tú gíábọ́ọ̀sì láti kékeré, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pariwo V8, ẹ rọra o.

Mi ò sọ pé ẹ́ńjìnnì kò wúlò. Bí wọ́n bá ní Monza la ti fẹ́ sáré, tí owó sì wà láti ra ẹ́ńjìnnì àti gíà tó lè gbé e pọ̀, èmi náà á na ọwọ́ fún ẹ́ńjìnnì. Lórí ọ̀nà tó gún bẹ́ẹ̀, gíà nìkan ò lè sọ họ́ọ̀sìpáwà 115 di 300. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni ìbéèrè yẹn fún wa. Bí ohun kan bá ni, èmi á kọ́kọ́ wá pápá tí mo ń lọ, máa kọ eré tí mọ́tò lè sá jáde nínú kọ́nà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, máa fi wé ibi tí gíà kọ̀ọ̀kan parí sí, kí n tó yan gíà ìkẹyìn. Ọjọ́ tí owó ẹ́ńjìnnì bá dé, máa ra òun àti ohun tó máa gbé e pọ̀.

Ẹ̀yin tísà wa ní físíìsì àti ìṣirò, mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa ṣe é lójú pátákó lọ́jọ́ kan. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ìdánwò nìkan la fi ń ṣe ìlọ́po àti pípín. Ẹ̀yin ará kíláàsì mi, ẹ jẹ́ ká tún ìbò yẹn dì. Lọ́tẹ̀ yìí, kí oníkálukú mú kakulétọ̀ dání kó tó na ọwọ́ sókè. Ẹni tó pè mí ní ọmọ mẹkáníìkì náà, kó wá. Mo ní sípánà, máa yá a.

— Ọmọ ẹgbẹ́ Press Club, SS2