Àyọkà wo ni ó yẹ ní ipò iwájú?

Ọ̀rọ̀ Wikipedia ti èdè Yorùbá ni a fẹ́ bá àwọn òǹkàwé wa sọ lónìí, pàápàá jù lọ àwọn ará Rẹ́mọ. Ìwé ìmọ̀ tí tọmọdé tàgbà káàkiri ayé ń pawọ́ pọ̀ kọ ni. Ọdún 2001 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àyọkà inú ti èdè wa sì ti lé ní 30,000. A yin àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà láìgba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n èwo nínú wọn ni a ó gbé síwájú àlejò?

Ní ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí ọ̀kan péré nínú ẹgbẹ̀rún àyọkà ni ó ń gba ìràwọ̀ kékeré tí a fi ń mọ èyí tí ó dára jù. Kí ó tó gbà á, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹni tí ó kọ ọ́ yóò yẹ̀ ẹ́ wò ní gbangba: ṣé ó kún tó, ṣé ó sọ ibi tí ó ti rí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣé kò gbè sẹ́yìn ẹnì kan? Bí ó bá sì bàjẹ́ lẹ́yìn náà, wọn a gba ìràwọ̀ náà padà. Èyí kò lè ya àwọn tí ó ń ṣa obì ní Ṣàgámù lẹ́nu. Ta ni nínú wọn tí yóò da èyí tí kòkòrò ti jẹ mọ́ èyí tí ó gbó, tí yóò sì pàtẹ rẹ̀ fún oníbàárà láti Òkè Ọya?

Àmì ohùn ni a fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ẹni tí ó kọ “oko” lásán, ṣé oko ni, àbí ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀? Àyọkà tí ẹ̀rọ túmọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tún kà tún burú ju èyí lọ: ọ̀rọ̀ Yorùbá ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá kan kò ní sọ bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ọ̀rọ̀ ìtàn ni ó le jù. Ní 1872 ni àwọn ìlú Rẹ́mọ kóra jọ di Ṣàgámù. Ìlú 13 ni a sábà máa ń kà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìtàn àti oyè tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá kọ ti ìlú tirẹ̀ nìkan, èdè rẹ̀ ìbáà dùn bí oyin, kò yẹ ní ipò iwájú. Bákan náà ni ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí a bí ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1909: àyọkà tí kò bá sọ ohun tí àwọn alátakò rẹ̀ wí, oríkì ni. (A fẹ́ràn oríkì, ṣùgbọ́n ó ní àyè tirẹ̀.)

Àwọn kan yóò wí pé bí a bá le jù, àwọn ọ̀dọ́ yóò sá. A kò ní kí wọ́n pa àyọkà kúkúrú rẹ́; kí ó wà níbẹ̀, kí ẹlòmíràn wá fi kún un. Àwọn mìíràn yóò wí pé ẹnu àgbà ni ìtàn wa wà, kò sí nínú ìwé tí a lè tọ́ka sí. Òtítọ́ ni èyí, ó sì dùn wá. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nígbà tí àgbà ṣì wà.

A rọ àwọn olùkọ́ Yorùbá ní Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́, ilé-ìwé tí Tai Solarin dá sílẹ̀ ní 1956, àti àwọn ti Ṣàgámù, kí wọ́n mú àyọkà kan ṣoṣo, ti Ṣàgámù fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n sì bá àwọn ọmọ yẹ̀ ẹ́ wò ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kí sáà yìí tó parí.