Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ

Àwọn baba wa tí wọ́n wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè, kò fojú kan kọ̀ǹpútà títí ilẹ̀ fi bò wọ́n, ṣùgbọ́n àfi bí ẹni pé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ òde òní ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n sọ ọ́.

Ní ọdún 2013, nígbà ìjọba Ọ̀gbẹ́ni Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá kún inú rẹ̀, tí wọ́n sì pinnu láti pín 150,000 rẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì. Orúkọ náà dára; ṣùgbọ́n ọpọ́n kì í dá Ifá fúnra rẹ̀, ọwọ́ ni í tẹ̀ ẹ́. Ẹ fojú inú wo ọmọ tí ìka rẹ̀ ń ta pọ́ún pọ́ún lórí ẹ̀rọ bí ológoṣẹ́ lórí ọkà tí a sá, tí olùkọ́ tí ó ti fi ṣọ́ọ̀kì tọ́ bàbá ọmọ náà sì dúró gbagidi, tí ẹ̀rù ń bà á kí òun má baà ṣi ibì kan tẹ̀, kí kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Lóòótọ́, iná kì í dúró, owó dátà ń ti àpò olùkọ́ jáde, kọ̀ǹpútà tí a fi ta ilé-ìwé lọ́rẹ sì ń sùn nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí a tì pa, nítorí ẹni tí ó bá bà á jẹ́ ni yóò san án. Ìwọ̀nyí ni a ń pariwo. Ìtìjú ni a ń gbé mì.

Bí ẹ bá dé Ìpetumodù, ìlú Apetumodù, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò láti ayébáyé, ẹ béèrè bí ọmọ ṣe ń kọ́ iṣẹ́ náà. Ìyá kì í fi ẹnu lásán kọ́ ọ. Amọ̀ ni í fi lé e lọ́wọ́. Bí ìkòkò bá wọ́, a ó pò ó padà, a ó tún un mọ, nítorí amọ̀ tí iná kò tíì mú kò tíì bàjẹ́. Olùkọ́ ńkọ́? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan ni, ọ̀rọ̀ sísọ láti àárọ̀ dalẹ́, ìwé ẹ̀rí, ó dàárọ̀ o.

Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ fi amọ̀ lé olùkọ́ lọ́wọ́, kí ẹ sì fún un láyè àtiṣèṣì. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ pe ọmọ kí ó wá bá yín tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ń bẹ nínú kèrègbè, ọmọ ni ó lè mú un jáde; bóyá oúnjẹ ni tàbí májèlé, àgbà ni yóò sọ.