Kọ́ìlì Kan Kò Jọ Kọ́ìlì: Ọ̀rọ̀-Ìperí àti Ẹ̀rọ Alùpùpù

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí òwe yìí jẹ́ òfin àkọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá dáwọ́ lé ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí. Àpẹẹrẹ kan wà ní ìsọ̀ àwọn tí ń tún alùpùpù ṣe. Ohun kékeré kan tí ń sọ iná kékeré di iná ńlá tí ń ta lẹ́nu púlọ́ọ̀gì ni gbogbo ìsọ̀ ń pè ní kọ́ìlì. Orúkọ kan ṣoṣo yìí ni wọ́n fi ń rà á, òun náà ni wọ́n sì fi ń tà á. Bẹ́ẹ̀ irú kọ́ìlì tí ó wà ju ẹyọ kan lọ, èyí tí ó sì bá alùpùpù kan mu lè ba òmíràn jẹ́.

Iṣẹ́ kọ́ìlì kò ṣòro láti fi Yorùbá ṣàlàyé. Wáyà méjì ni wọ́n ká mọ́ irin kan: ọ̀kan nípọn, kíká rẹ̀ kò sì pọ̀, èkejì tín-ín-rín, wọ́n sì ká a ní ọ̀nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Nígbà tí iná tí ń ṣàn nínú wáyà àkọ́kọ́ bá yí padà lójijì, agbára òòfà inú irin náà yóò yí padà pẹ̀lú, yóò sì bí iná mìíràn nínú wáyà kejì, èyí tí ó lè ju fólítì 10,000 lọ. Michael Faraday ni ó ṣàwárí ìlànà yìí ní 1831. Wáyà agbaná ni orúkọ tí ó yẹ àkọ́kọ́, wáyà ataná ni ó yẹ èkejì, nítorí pé iṣẹ́ tí oníkálukú wọn ń ṣe nìyẹn.

Ibi tí ìyàtọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni bí iná ṣe ń dé inú wáyà agbaná. Lórí alùpùpù àtijọ́, kọ́ńtáàtì ni ó ń so iná pọ̀ tí ó sì ń já a. Lórí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó dé lẹ́yìn wọn, àpótí CDI ni ó gba iṣẹ́ náà: yóò kó iná jọ títí tí yóò fi ju fólítì 100 lọ, yóò sì tú u dà sínú kọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí ó da odidi garawa omi dípò kí ó ṣí ẹnu ẹ̀rọ. Ẹlẹ́rìí pàtàkì ni Honda CG125, tí ó jáde ní 1976, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ní Ṣáínà sì ṣe ẹ́ńjìnnì irú rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ oníkọ́ńtáàtì, fólítì 6 sì ni iná wọn. Àwọn tí ó dé nígbà tí ó yá jẹ́ oní-CDI, fólítì 12 sì ni tiwọn. Orúkọ alùpùpù náà kò yí padà. Ẹni tí ó bá béèrè “kọ́ìlì CG” ní ṣọ́ọ̀bù kò tíì sọ ohun tí ó fẹ́.

Ìṣirò ṣókí yóò fi ewu rẹ̀ hàn. Gẹ́gẹ́ bí òfin Georg Ohm ti 1827, bí wọ́n bá fi ìdènà wáyà pín fólítì, iye iná tí yóò ṣàn ni yóò jáde. Lórí alùpùpù oníkọ́ńtáàtì tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ fólítì 12, bí ìdènà wáyà agbaná bá jẹ́ óòmù 4, áńpíà 3 ni yóò ṣàn. Ṣùgbọ́n ìdènà kọ́ìlì oní-CDI kì í sábà tó óòmù 1. Bí wọ́n bá gbé èyí tí ó jẹ́ ìdajì óòmù síbẹ̀, iná tí yóò fẹ́ gba ẹnu kọ́ńtáàtì kan náà di áńpíà 24. Kọ́ńtáàtì yóò jó, kọ́ìlì yóò gbóná kọjá ààlà. Bí wọ́n bá sì gbé kọ́ìlì oníkọ́ńtáàtì sí ẹnu CDI, iná tí yóò ta lè má lágbára tó. Ọlọ́kadà yóò máa tú kabúrétọ̀ láìṣẹ̀ láìrò, owó oúnjẹ òòjọ́ yóò sì máa lọ.

Iye ẹnu tún ṣe pàtàkì. Honda CB750, tí ó jáde ní 1969, ní sìlíńdà mẹ́rin ṣùgbọ́n kọ́ìlì méjì. Wáyà púlọ́ọ̀gì méjì ni ó jáde lára kọ̀ọ̀kan. Kọ́ìlì ẹlẹ́nu-méjì nìyẹn, ẹlẹ́nu-kan kò lè rọ́pò rẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé ojú lásán ni ọ̀gá mẹkáníìkì fi ń mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni pé ojú ń rí ihò bóòtù àti ẹnu wáyà. Ojú kò rí óòmù. Mítà ni ó ń rí i, mítà pàápàá sì ní èèwọ̀ tirẹ̀: kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ìdènà wáyà mítà fúnra rẹ̀ kúrò nínú iye tí ó bá kà lórí wáyà agbaná, kí wọ́n sì ṣí fìlà púlọ́ọ̀gì kí wọ́n tó wọn wáyà ataná, nítorí pé óòmù 5,000 wà nínú ọ̀pọ̀ fìlà bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni iṣẹ́ onímọ̀ èdè níhìn-ín? Kì í ṣe láti lé kọ́ìlì jáde, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ gígùn kan tí ìsọ̀ kankan kò ní í pè rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àyálò tí ó ti fìdí múlẹ̀ ti di ọmọ ilé. Àwọn aráàlú tí wọ́n fetí sí ìró ẹ̀rọ, tí wọ́n sì pè é ní alùpùpù, kò dúró de ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Iṣẹ́ ribiribi ni Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, ṣùgbọ́n èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ó dojú kọ. Ìsọ̀ mẹkáníìkì ṣì ń retí tirẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá ya kọ́ìlì kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì: oníkọ́ńtáàtì tàbí oní-CDI, ẹlẹ́nu-kan tàbí ẹlẹ́nu-méjì, fólítì mélòó, ìdènà wáyà agbaná tó óòmù mélòó.

Ìgbìmọ̀ kọ́ ni yóò dán irú ọ̀rọ̀-ìperí bẹ́ẹ̀ wò. Ọmọ-iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ rán lọ sí ọjà ni. Bí ó bá lè fi Yorùbá béèrè, tí ó sì mú kọ́ìlì tí ó tọ́ bọ̀ láìpààrọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti yege.