Ìsinmi Lọ́tọ̀, Àìsàn Lọ́tọ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bá mi dá ọ̀rọ̀ yìí. Bí ibà bá dá èèyàn dùbúlẹ̀ sórí ẹní, tí kò lè jẹ, tí kò lè sùn, ṣé ìsinmi ló ń ṣe yẹn? Nílé iṣẹ́ tí mo ti ṣe akọ̀wé l'Ádó, wọ́n ní ìsinmi ni.

Ìkẹ́rẹ́ ni mo ń gbé, tí mo ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá wa pè wá jọ, ó ní kò ní sí lífù ọdún lọ́tọ̀, lífù àìsàn lọ́tọ̀ mọ́. Òun ti pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ọjọ́ iṣẹ́ 15 lọ́dún, owó ò sì ní dúró. Ohun tó bá wu kálukú ni kó fi ṣe. A pàtẹ́wọ́!

Lóṣù kẹta, táífọ́ọ̀dù gba ọjọ́ 9 lọ́wọ́ mi. Àìsàn ọmọ mi gba 3. Nígbà tí ìyá mi kú lóṣù kẹsàn-án, 3 tó kù ni mo fi sìnkú. Ó tán nìyẹn. Lóṣù kọkànlá, ikọ́ kì mí mọ́lẹ̀, mo gbé e lọ sẹ́nu iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Aláboyún ló jókòó tì mí. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ojú ń tì mí títí dòní.

Lẹ́yìn náà ni mo ka Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, tó ti wà láti 1974. Abala 18 ní òṣìṣẹ́ tó bá ti lo oṣù 12 gbọ́dọ̀ gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6 pẹ̀lú owó, ó kéré tán. Abala 16 ní bí dókítà bá jẹ́rìí pé ara rẹ̀ ò yá, kó máa gba owó rẹ̀ títí dé ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún. 6 àti 12, 18 ni. Ọjọ́ 3 tí wọ́n yọ kúrò yẹn gan-an ni ǹ bá fi tọ́jú ikọ́ mi nílé.

Àwọn ọ̀gá á ní àwa òṣìṣẹ́ ń purọ́ àìsàn, a ń ra ìwé dókítà. N kò jiyàn, mo mọ àwọn tó ń ṣe é. Wọ́n á tún ní ẹni tí ara rẹ̀ le ni ètò yìí ń gbè, torí yóò rí ọjọ́ púpọ̀ fi gbádùn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kí wọ́n mú òpùrọ́, kí wọ́n fi aláìsàn sílẹ̀. Ta ló tilẹ̀ mọ̀ bóyá ara òun á le títí di Kérésì?

Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é l'Ámẹ́ríkà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún, òfin ìjọba àpapọ̀ ò fi dandan lé e pé kí ilé iṣẹ́ aládàáni sanwó ìsinmi ọdún tàbí ti àìsàn. Èyí tí wọ́n bá fún wọn, ọpẹ́ ni. Tiwa kì í ṣe ọrẹ, ẹ̀tọ́ ni.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ dákun, ẹ ka ìwé kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ ka ọjọ́ inú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí kò bá pé 18, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́.