Ta ló ń kọ́ ilé ìdáná ewé? Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ wa fojú ara wọn rí i

Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò WAEC léèrè pé kí ni ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń ṣe fún ewéko. Kíá ló máa dá yín lóhùn pé òun ni ewéko fi ń se oúnjẹ. Kò parọ́ o. Àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ yẹn. Ìdajì tó kù, tó tún dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, kì í sábà dé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa, ìyẹn ló sì ń ká mi lára.

Ṣé ẹ rí i, kéèyàn tó dáná, ó gbọ́dọ̀ ní ibi ìdáná. Ibi ìdáná ohun tó bá ní àwọ̀ ewé ni wọ́n ń pè ní chloroplast. Inú sẹ́ẹ̀lì ló wà, kékeré báyìí ni. Ìbéèrè tèmi ni pé, ta ló ń pàṣẹ pé kí wọ́n kọ́ ọ?

Ẹ jẹ́ ká wo Euglena. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara rẹ̀, microscope la fi ń rí i. Inú omi tó dúró sójú kan ló ń gbé, tó bá sì ti pọ̀ níbẹ̀, omi náà á di àwọ̀ ewé. Ó ní nǹkan bí ìrù tó fi ń wẹ̀, ó sì ní àmì pupa kan tó ń ràn án lọ́wọ́ láti mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Ara àwọn tí wọ́n ń pè ní algae ni.

Tí wọ́n bá gbé Euglena gracilis sínú òkùnkùn biribiri, tí wọ́n sì po oúnjẹ sínú omi rẹ̀, kò ní kú. Á máa jẹun, á máa pín ara rẹ̀ sí méjì, bó ṣe ń bí sí i nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé á máa ṣí lára rẹ̀ títí á fi pòfìrì. Chloroplast rẹ̀ á sún kì, á ku bíńtín tí wọ́n ń pè ní proplastid. Ẹ fi wé ìpìlẹ̀ ilé tí wọn ò tíì mọ ògiri lé. Ìpìlẹ̀ yìí náà ló ń fi sílẹ̀ fáwọn ọmọ tó ń bí sínú òkùnkùn.

Wàyí o, ẹ gbé e bọ́ sínú ìmọ́lẹ̀. Fún nǹkan bíi wákàtí 12 àkọ́kọ́, ẹ máa rò pé kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀, nítorí àwọ̀ ewé tó máa yọ ò tó nǹkan. Irọ́ ni, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. DNA tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì gan-an ń ṣiṣẹ́, èyí tí chloroplast ní fún ara rẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń ṣe àwọn èròjà tí wọ́n máa fi kọ́lé. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀ ewé á wá máa yára yọ. Tó bá fi máa tó nǹkan bíi wákàtí 72, ilé ìdáná ti parí. Jerome Schiff àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Brandeis, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí iṣẹ́ yìí.

Kì í ṣe gbogbo algae ló rí bẹ́ẹ̀ o. Chlamydomonas lè ṣe àwọ̀ ewé tiẹ̀ nínú òkùnkùn. Àmọ́ Euglena ò lè parí tiẹ̀ láìrí ìmọ́lẹ̀.

Ibi tó wá gbà mí láfiyèsí jù rèé. Lọ́dún 1948, Provasoli, Hutner àti Schatz sọ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n fi oògùn streptomycin sínú omi Euglena. Àwọ̀ ewé rẹ̀ lọ, kò sì padà wá mọ́. Bí wọ́n gbé e sínú oòrùn láti àárọ̀ dalẹ́, funfun náà ló máa wà, òun àti ìran rẹ̀. Òkùnkùn kàn dá iṣẹ́ ilé dúró ni, oògùn yẹn ló hú ìpìlẹ̀.

Ẹ lè ní kí ló kàn wá nínú ìyẹn. Ó kàn wá gan-an! Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń há photosynthesis sórí bí orin, tí wọ́n gba máàkì, tí wọn ò rí ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kan rí. Ilé ẹ̀kọ́ míì wà tó jẹ́ pé àwòrán microscope tó wà nínú ìwé nìkan ni wọ́n ní. Ìjọba ní láti wá nǹkan ṣe sí i, kódà bó bá jẹ́ ẹyọ kan péré fún ilé ẹ̀kọ́ kan.

Àwọn kan á ní kò sówó. Ó dáa, mo gbà. Èló ni ẹ̀wà ẹ̀kúnwọ́ kan? Ẹ̀yin tíṣà, ẹ gbin ẹ̀wà sínú agolo méjì. Ẹ gbé ọ̀kan síta, kẹ́ ẹ fi ìkejì sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ìmọ́lẹ̀ kankan ò lè wọ̀. Èyí tó wà nínú òkùnkùn á hù, á ga lẹ́lẹ́, àmọ́ ewé rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ wá gbé e síta, kí àwọn ọmọ máa wò ó, kí wọ́n máa kọ wákàtí sílẹ̀. Wọ́n máa rí i tí àwọ̀ ewé ń yọ lójú wọn. Ẹ̀wà kì í ṣe algae lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun náà ò lè parí àwọ̀ ewé rẹ̀ láìrí ìmọ́lẹ̀. Ọmọ tó bá fojú rí èyí, kò sí ìdánwò tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ rọra máa pe ọmọ ní olódo. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló dà bí Euglena inú òkùnkùn, ìpìlẹ̀ wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì ṣílẹ̀kùn fún wọn ni. Tẹ́ ẹ bá sì wá ṣílẹ̀kùn, ẹ má retí pé kó yé wọn lọ́jọ́ kan. Euglena gan-an gba ọjọ́ mẹ́ta.