Kí Ẹ Tó Gé Owó Òṣìṣẹ́, Ẹ Ka Búrẹ́dì Náà

Ní ọ̀pọ̀ béékírì wa, òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, àmọ́ tí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀: búrẹ́dì tó bá jóná, ẹni tó wà nídìí ààrò ni yóò san án. Tó bá di ìparí oṣù, ọ̀gá á yọ ọ́ nínú owó rẹ̀. Tí búrẹ́dì kò bá wú, ẹni tó po fùláwà ni wọ́n á dì mú. Oṣù mìíràn á dé, búrẹ́dì á tún jóná. Èmi ò tíì rí béékírì tí gígé owó oṣù mú kí ààrò rẹ̀ tutù.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju pépà kan, bírò kan, àti okùn tí ẹ ó fi so bírò náà mọ́ ògiri kí wọ́n má baà gbé e lọ. Ẹ fa ìlà sí pépà náà. Lápá òsì, ẹ kọ àléébù tí búrẹ́dì máa ń ní: ó jóná, kò wú, ó fọ́, kò tó ìwọ̀n. Lókè, ẹ kọ ọjọ́, kí ẹ sì ya iṣẹ́ ọ̀sán sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ òru. Búrẹ́dì kan tó bá bàjẹ́, igi kan. Tó bá pé mẹ́rin, ẹ fi ìkarùn-ún dábùú wọn. Ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ ni kó máa fa igi náà, kì í ṣe máníjà, torí òun ló rí búrẹ́dì náà nígbà tó ṣì gbóná.

Ká ní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, igi 100 ló wà lórí pépà. (Àpẹẹrẹ lásán ni o, kí alábéékírì kankan má sọ pé òun ni mo ń bá wí.) 62 jóná, 21 kò wú, 10 fọ́, 7 kò tó ìwọ̀n. Ẹ ya ọ̀pá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tò wọ́n láti orí èyí tó ga jù. Kíá lẹ ó rí i pé ìjà lórí búrẹ́dì tó fọ́ lè dúró ná. Orúkọ Vilfredo Pareto ni wọ́n fi ń pe àwòrán yìí, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Ítálì tó kíyè sí i pé ọwọ́ àwọn èèyàn díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọrọ̀ máa ń wà. Joseph Juran ló wá mú èrò náà wọ ilé iṣẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá dùn ni ìgbà tí ẹ bá tú 62 yẹn wò. Ká ní òru ló ni 50 nínú rẹ̀. Ọ̀gá tó ń kánjú á ní, "Ṣé mi ò sọ bẹ́ẹ̀? Oorun ni wọ́n ń sùn!" Ẹ ní sùúrù, sà. Ẹ tún òru náà pín: ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ki búrẹ́dì sínú ààrò, ìgbà kejì, ìgbà kẹta. Tí igi bá ṣù jọ sí ìgbà kẹta, ọ̀rọ̀ ti ń kúrò ní ti oorun. Ààrò tí wọ́n ti ń dáná sí láti ọ̀sán, bíríkì rẹ̀ ti mu iná yó. Ìṣẹ́jú tí búrẹ́dì fi ń jinná ní ọ̀sán ti pọ̀ jù fún un lóru. Tí kò bá sí tẹmọ́mítà níbẹ̀, kí ni ẹni tó dúró tì í fẹ́ fi mọ̀? Ẹ gé owó rẹ̀ títí ọdún á fi parí, bíríkì ò gbọ́.

Kaoru Ishikawa, tó padà di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Tokyo, ló ya àwòrán kan tó dà bí egungun ẹja ní 1943, tó fi ń ṣàlàyé irú ọ̀rọ̀ báyìí fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Kawasaki. Ibi orí ẹja ni wọ́n ń kọ àléébù sí. Lára àwọn egungun ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń kọ ibi tó ti lè wá: èèyàn, ẹ̀rọ, èlò, ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é, bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n, àyíká iṣẹ́. Ẹ kà á wò: egungun kan péré ni èèyàn nínú mẹ́fà. Òun nìkan la mọ̀ ní tiwa. W. Edwards Deming, ará Amẹ́ríkà tó lọ kọ́ àwọn ará Japan ní ìmọ̀ ìṣirò yìí ní 1950, tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé, bí òun ṣe rí i, nǹkan bí 94 nínú 100 ìṣòro ló jẹ́ ti ètò iṣẹ́, ọrùn àwọn ọ̀gá ló sì wà.

Ti ìwọ̀n náà ńkọ́? Bó ti wù kí ọwọ́ ẹni tó ń gé fùláwà já fáfá tó, tó bá gbé e sórí òṣùwọ̀n, ọ̀kan á wúwo díẹ̀, òmíràn á fúyẹ́ díẹ̀. Walter Shewhart, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Western Electric tó ń ṣe ẹ̀rọ tẹlifóònù, ló kọ ìwé olójú-ewé kan sí ọ̀gá rẹ̀ ní May 16, 1924, pẹ̀lú àwòrán tó ya ìyàtọ̀ tí kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀ kúrò lára èyí tí nǹkan fà. Ìlà kan wà láàárín, ìkan lókè, ìkan nísàlẹ̀. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò ìlà òkè àti ti ìsàlẹ̀, kì í ṣe ohun tí ọ̀gá ń fẹ́. Ìwọ̀n tó bá wà láàárín wọn, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó bá fò kọjá, ẹ dúró kí ẹ wá ohun tó fà á. Ọ̀gá tó ń pariwo lórí gbogbo gíráàmù tó yẹ̀, tó ní kí wọ́n dín in, kí wọ́n fi kún un, òun gan-an ló ń mú kí ìwọ̀n má dúró sójú kan.

Àwọn kan á ní àwọn òṣìṣẹ́ wa á parọ́ sórí pépà yẹn. Wọ́n á parọ́ lóòótọ́, tó bá jẹ́ orí rẹ̀ lẹ ti fẹ́ máa gé owó wọn. Ọjọ́ tí ẹ bá ti fi igi kan jẹ ẹnikẹ́ni níyà ni ẹ ò ní rí òtítọ́ níbẹ̀ mọ́. Ní Japan, àwọn olórí òṣìṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́ ní ìmọ̀ yìí. Láti 1962 ni ìwé ìròyìn kan ti ń jáde fún wọn lórí rẹ̀. Ishikawa sọ pé irinṣẹ́ méje bí irú èyí tó láti yanjú nǹkan bí 95 nínú 100 ìṣòro ilé iṣẹ́, kò sì gba ìwé kíkà rẹpẹtẹ.

Ẹ̀yin alábéékírì, láti Mọ́ńdè tó ń bọ̀, ẹ lẹ pépà mọ́ ògiri, kí ẹ sì dáwọ́ gígé owó dúró fún oṣù kan. Tó bá jẹ́ pé òru ni igi pọ̀ sí, owó tí ẹ ti gé tẹ́lẹ̀ á ra tẹmọ́mítà.