Ilé Òǹkọ̀wé Kì Í Dá Ṣọ́ Ara Rẹ̀

Bí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde bá rí físà Amẹ́ríkà gbà, fọ́tò tí gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ retí ni èyí tó yà ní Times Square. Kò burú. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń kọ èyí kò tíì wọ bàálù rí, nítorí náà a kì í fi fọ́tò ẹlòmíì ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kan wà tí a fẹ́ bẹ̀ yín: tí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ yà sí ilé àwọn òǹkọ̀wé.

Àwọn kan á ní kí lèèyàn fẹ́ fi tábìlì àti ibùsùn òkú ṣe, nígbà tí ìwé rẹ̀ wà ní láíbìrì? Òótọ́ ni, tábìlì kò kọ ìwé. Àmọ́ ìròyìn kò tó àfojúbà, àwọn àgbà sì ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Ẹ wo ilé Mark Twain ní Hartford, ìpínlẹ̀ Connecticut. Yàrá 25 ló ní. Òun àti ẹbí rẹ̀ kó wọ ibẹ̀ ní 1874. Ẹni tó bá wò ó láti ìta á rò pé ìyà kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìṣòro owó ló lé wọn jáde ní 1891. Ní 1896, Susy ọmọbìnrin rẹ̀ kú sínú ilé náà, wọn kò sì lè padà wá gbé ibẹ̀ mọ́. Wọ́n tà á ní 1903. Ẹni tó bá dúró nínú ilé yẹn kò ní ka Twain bí aláwàdà lásán mọ́.

Ohun tó ká wa lára jù, síbẹ̀, ni ìbéèrè yìí: ta ló tọ́jú ilé náà tí a fi bá a?

Paul Laurence Dunbar jẹ́ akéwì tí àwọn òbí rẹ̀ ti ṣẹrú rí. Ní 1904, ó ra ilé kan fún Matilda ìyá rẹ̀ ní Dayton, ìpínlẹ̀ Ohio. Ibẹ̀ ló kú sí ní 1906, ọmọ ọdún 33. Ìyá rẹ̀ gbé ilé náà títí tóun náà fi kú ní 1934, kò sì kó ẹrù ọmọ rẹ̀ dànù. Òun ló jẹ́ kí àlejò òde òní rí nǹkan wò.

Ti Frederick Douglass ní Washington tún le. Nígbà tó kú ní 1895, ìwé ìhágún rẹ̀ ní àléébù. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ilé tí ogún bá wọ̀. Helen ìyàwó rẹ̀ yá owó, ó fi ra ìpín àwọn ọmọ, kí ilé náà má bàa fọ́nká. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú dáwó sí i. Ìjọba àpapọ̀ kò gbà á títí di 1962.

Zora Neale Hurston kò rí irú wọn ní tirẹ̀. Ó kú ní Fort Pierce, ìpínlẹ̀ Florida, ní 1960, sàréè rẹ̀ kò sì ní àmì kankan títí Alice Walker fi wá a lọ ní 1973, tó sì gbé òkúta sí i. Kì í ṣe pé ìwé rẹ̀ kò dára. Olùtọ́jú ni kò sí.

Nítorí náà, ẹ má kàn ya fọ́tò. Ẹ bi ẹni tó ń mú yín yíká ilé pé ta ló san gbèsè ibẹ̀, ta ló ń gbá ilẹ̀ rẹ̀ nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó ń wá a wò. Tí ẹ bá sì padà délé, ẹ bi ìbéèrè kan náà nípa òǹkọ̀wé tó gbé àdúgbò yín rí. Tí ẹnikẹ́ni kò bá lè dáhùn, a jẹ́ pé iṣẹ́ ti kan yín nìyẹn.